Tí wọ́n bá ń fi fáyólìn ta orin Ẹ̀fẹ̀, ṣé ká gbè é ni àbí ká dákẹ́?

ÌBÉÈRÈ LÁTI ÀJÀṢẸ́ (PORTO-NOVO)

Ẹ̀gbọ́n, mo lọ wo àwọn mẹ́rin kan tó ń ta fáyólìn nílùú wa níbí lálẹ́ Sátidé tó kọjá. Fáyólìn méjì, fíólà kan (ó tóbi ju fáyólìn díẹ̀), àti ṣẹ́lò, èyí ńlá tí wọ́n máa ń há sí àárín orúnkún. Wọ́n kọ́kọ́ ta orin òyìnbó àtijọ́. Wọ́n tún ta ti òde òní kan tó ń dún bí ìgbà téèyàn ń fi irin ha irin. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n bọ́ sórí orin Ẹ̀fẹ̀ kan tí gbogbo ọmọ Kétu mọ̀. Àǹtí mi tó jókòó tì mí bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é, èmi náà sì gbè é. Ni ọkùnrin kan tó wà níwájú wa bá yíjú padà, ó fi ìka lé ètè. Àǹtí mi dákẹ́, kò sì tún la ẹnu mọ́ títí a fi délé. Ṣé àwa la ṣe ohun tí kò yẹ ni? Tí a ò bá lè gbe orin Ẹ̀fẹ̀ mọ́, ṣé orin wa náà ló ṣì ń jẹ́? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ má fi bò.

*

Ohun tó yẹ lẹ ṣe. Bóyá àǹtí yín gan-an ló mọ orin yẹn jù nínú gbogbo ẹni tó wà ní gbọ̀ngàn náà.

Orin Ẹ̀fẹ̀ kì í parí lẹ́nu ẹni tó dá a. Lóru Ẹ̀fẹ̀ ní Kétu, òru tó máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ọ̀sán, eléfẹ̀ á dá orin, á tún un dá kí etí lè gbà á, lẹ́yìn náà ni èrò á gbé e. Bí wọ́n bá gbé e, orin ti wọlé nìyẹn: ọ̀rọ̀ tó fi bá ìlú wí, ìlú ti gbà pé òótọ́ ni. Bí wọ́n bá dákẹ́, orin ti bọ́ sílẹ̀, eléfẹ̀ fúnra rẹ̀ á sì mọ̀. Ẹnu àwọn tó ń gbè é ni ìdájọ́ wà. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún ìṣẹ̀ǹbáyé ní 2008, orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ni wọ́n kọ sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo bá sọ̀rọ̀ rò pé torí igi gbígbẹ́ tí wọ́n ń gbé sórí ni. Igi yẹn dára, àmọ́ tí ẹ bá gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ láìsí ẹni tó máa dáhùn orin, ẹ ò tíì ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Ọkùnrin tó fi ìka lé ètè ń tẹ̀lé òfin kan tó ní ilé tirẹ̀. Kódà nílé yẹn, òfin náà kò pẹ́ tó bí wọ́n ṣe ń pè é. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí Joseph Haydn, òǹkọrin ará Ọ́stríà, ń kọ irú orin ẹlẹ́ni mẹ́rin yìí (68 ni wọ́n kà mọ́ ọn lọ́wọ́), inú yàrá ilé ni wọ́n ti ń ta púpọ̀ nínú rẹ̀, láàárín ọ̀rẹ́ àti àlejò. Ìdákẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ húkọ́ nínú rẹ̀, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló tó fìdí múlẹ̀ dáadáa ní gbọ̀ngàn wọn.

Ibi tí mo dúró sí nìyí, mo sì ti ń sọ ọ́ látìgbà tí mo ti ń ta fíólà: ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin tó bá fẹ́ ta orin ìbílẹ̀ wa gbọ́dọ̀ fi àyè ẹni tó ń gbè é sílẹ̀ nínú orin náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, fáyólìn kejì ni wọ́n máa ń fún ní ègbè. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó jókòó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àǹtí yín nìyẹn, kí ọkùnrin yẹn tó yíjú rárá.

*

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lórí ìdáhùn mi. Ẹni tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní ibi tí èèyàn bá sanwó wọlé sí, kó fi etí gbọ́, torí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sanwó náà. Ẹlòmíì ní àwọn onífáyólìn kàn ń ta ohun ìní wa fún òyìnbó ni. Onílù kan láti Pọ́bẹ̀ sì kọ ọ́ pé: "Orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láìsí ìlù, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Kí wọ́n pe onílù kan sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti parí."

Ọ̀rọ̀ onílù yìí ni mo fẹ́ mú, torí òun ló le jù, òun náà ló sì ń da ẹgbẹ́ púpọ̀ láàmú.

Ẹ̀gbọ́n onílù, mo ti ta á pẹ̀lú ìlù lẹ́yìn, mo sì ti ta á láìsí ìlù. Ẹ gbé ìyáàlù sínú gbọ̀ngàn tó ní òrùlé páànù, ẹ lù ú bó ṣe yẹ kí ẹ lù ú. Kò sí okùn fáyólìn tó lè dúró níwájú awọ àti ọ̀pá nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n á ṣe ni kí wọ́n gbé máìkì wá fáwọn mẹ́rin. Máìkì olówó pọ́ọ́kú tá à ń rí yá yìí kò sì mọ irun ọrun (igi onírun tí a fi ń ta fáyólìn) lórí okùn yàtọ̀ sí ìró dùùrù oníná. Gbogbo rẹ̀ á ki pọ̀, onílù á ní òun ò gbọ́ ara òun, á tún fi kún agbára. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìlù nìkan lẹ ń gbọ́, àwọn mẹ́rin kàn ń fa ọrun lásán ni.

Tí kò bá sí onílù, àwọn mẹ́rin ní láti pín ìlù náà láàárín ara wọn. Ẹgbẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fi ohùn ìyáàlù lé ṣẹ́lò lọ́wọ́. Fíólà á di agogo mú: ẹ fa ọrun ní etí igi pẹlẹbẹ tó gbé okùn sókè yẹn gan-an, ohùn á ro, á mú ṣáṣá. Fáyólìn kejì á yí ọrun padà, á fi igi rẹ̀ gbá okùn, tàbí kó fi ìka já okùn láìlo ọrun. Fáyólìn àkọ́kọ́ ni yóò dá orin. Ègbè ńkọ́? Kò sẹ́ni tó gbà á. Ẹ̀yin lẹ ni ín.

Àmọ́ mo gbà fún yín níbì kan, kò sì sí àgàlámàṣà níbẹ̀. Orin Ẹ̀fẹ̀ ti òru, àwọn mẹ́rin lè gbé e. Ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ọ̀sán, rárá. Níbẹ̀, ìlù ló ń pe gbólóhùn, ẹsẹ̀ oníjó ló ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú irin ẹsẹ̀, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ já papọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ gbé ijó yẹn sórí pèpéle, kí wọ́n pe onílù, kí wọ́n pe oníjó, kí àwọn fúnra wọn gbé fáyólìn sórí itan kí wọ́n máa wò.

*

Àbúrò kan béèrè bóyá wọ́n máa ń kọ orin wọ̀nyí sórí ìwé. Wọ́n ń kọ ọ́. Èmi náà ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìlà márùn-ún tí òyìnbó ń kọ orin sí, ibi tí ohùn dúró sí ló mọ̀ ọ́n sọ. Ohùn tó ń yọ́ bọ̀ láti òkè kò rí ilé gbé níbẹ̀, àfi ká fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹni tó ń ta á sì ti mọ ohun tí ìlà náà ń fẹ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ń kọ́ orin kan láti Kétu, ìyá àgbà kan wá jókòó tì wá. Á kọ gbólóhùn kan, ọmọkùnrin tó ń ta ṣẹ́lò á tẹ̀lé e. Ibì kan wà ní ìparí gbólóhùn tí ohùn ìyá máa ń rọra sọ̀. Ọmọ náà ń gbé ìka kúrò níbì kan bọ́ síbòmíràn. Ìyá dá a dúró. Ó na apá, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó jẹ́ kó máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan itan rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ bó ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ náà bá tẹ ìka mọ́ okùn, kò gbé e mọ́, ó wọ́ ọ. Lórí ṣẹ́lò, ọwọ́ á máa gòkè lọ sápá orí igi nígbà tí ohùn ń rẹlẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ìyá ń wálẹ̀, ọwọ́ tirẹ̀ ń gòkè, ohùn méjèèjì sì balẹ̀ síbì kan náà. Ìyá ní, "Ó ti ń sọ̀rọ̀ báyìí."

Ohun tó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe ni pé ọrùn fáyólìn àti ti ṣẹ́lò kò ní irin ìdábùú bíi ti gìtá. Ìka lè dúró níbikíbi, ó sì lè rìn láàárín ibì kan sí ibòmíràn. Dùndún ń fi ọsán tí a ń fún mọ́ra ṣe é. Ṣẹ́lò ń fi ìka tó ń rìn ṣe é. Ìka tó ń tẹ dùùrù kò lè ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn tó ń bínú sí fáyólìn pé tí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ lọ bínú sí ẹ̀rọ dùùrù tó ti kún gbogbo ilé ìjọsìn wa láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ̀ẹ́. Òun ló ń tọ́ ohùn wa sí ọ̀nà tí kò mọ̀.

Ẹgbẹ́ tó bá mú orin wa nínú ìwé tí ẹlòmíràn kọ, tí kò jókòó ti ẹni tó ń kọ ọ́ lẹ́nu, mo máa ń mọ̀ kí gbólóhùn kejì tó parí.

*

Bàbá kan fi àwòrán fáyólìn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti là, igi òkè ti ṣí kúrò lára igi ẹ̀gbẹ́. Ó ní káfíńtà àdúgbò ti ṣèlérí láti fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ̀ ẹ́.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó kan fáyólìn yẹn mọ̀ọ́mọ̀ fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi awọ ẹran sè lẹ̀ ẹ́ ni. Gọ́ọ̀mù yẹn máa ń kọ́kọ́ já nígbà tí igi bá ń fà tàbí tó ń súnkì, kí igi fúnra rẹ̀ má bàa là. Bí ẹ bá fi gọ́ọ̀mù káfíńtà sí i, ẹ̀gbẹ́ kò ní ṣí mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún tí ọyẹ́ bá mú gan-an, àárín ojú igi ló máa fọ́, ìyẹn kò sì rọrùn láti tún ṣe. Ẹ tú okùn rẹ̀ díẹ̀, ẹ má tú u tán, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún fáyólìn ṣe ní Kútọnu tàbí Èkó.

Níwọ̀n bí a ti dé ibẹ̀: ooru inú ọkọ̀ tí wọ́n tì sójú oòrùn máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù yẹn, nítorí náà ẹ má fi fáyólìn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kí ẹ ní ẹ ń bọ̀ kíá. Lórí zémíjàn (ọ̀kadà), ẹ gbé e kọ́ àyà, kì í ṣe ẹ̀yìn. Nígbà òjò, irun ọrun máa ń rọ̀, ó máa ń gùn sí i. Ẹ lọ́ ìdí ọrun títí yóò fi le níwọ̀nba, ẹ sì tú u padà lẹ́yìn tí ẹ bá ta á tán. Nígbà ọyẹ́, èèkàn tí okùn wé mọ́ máa ń súnkì, á máa yọ̀, okùn á sì tú lójijì. Ẹ yọ èèkàn náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun pa á níbi tó ti ń wọ inú ihò, ẹ dá a padà. Ẹ mú ike ọṣẹ tó ní ihò, ẹ fi kànìnkànìn tí ẹ ti rẹ sómi, tí ẹ ti fún gbẹ, sínú rẹ̀, ẹ gbé e sínú àpótí fáyólìn ní gbogbo oṣù ọyẹ́. Láti Kétu lọ sókè dé Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ ò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré. Àjàṣẹ́ súnmọ́ omi, ara igi máa ń rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀.

*

Ẹni tó béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́ padà wá, ó ní òun gbà nípa Ẹ̀fẹ̀, àmọ́ kí ni ká ti wí nípa orin òde òní tó ń dún bí irin yẹn? Kí ló ń wá lálẹ́ kan náà pẹ̀lú orin wa?

Ó jọ pé wọn kò sọ fún yín kí wọ́n tó ta á, ìyẹn ló burú. Àwọn kan nínú àwọn tó ń kọ orin òde òní fún fáyólìn mẹ́rin, ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni wọ́n ti lọ kọ́ bí a ṣe ń ka ìlù. Steve Reich, ará Amẹ́ríkà, lọ sí Gánà ní 1970 lọ kọ́ ìlù lọ́dọ̀ àwọn Ewe. Nígbà tó di 1972, ó kọ orin kan tí èèyàn méjì ń fi àtẹ́wọ́ nìkan ṣe, ìṣísẹ̀ 12 ló wà nínú rẹ̀. Ìṣísẹ̀ 12 kan náà ni agogo wa ń rìn lé: ẹni tó ń jó á tẹ ẹsẹ̀ mẹ́rin nínú rẹ̀, ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ lè pín in sí mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó ṣì rìn. Tí ẹ bá gbọ́ orin òde òní tí fáyólìn kan ń lọ, tí èkejì dà bí ẹni pé ó fẹ́ sá fún un, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá itan yín, ẹ wá ibi tí ìṣísẹ̀ ńlá wà. Ẹ máa rí i.

Àwọn Kronos Quartet, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1973, ṣe àwo kan jáde ní 1992 tó jẹ́ pé orin àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ló kún inú rẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn Soweto String Quartet ti fi fáyólìn mẹ́rin ta orin ìlú wọn káàkiri ayé. Fela Sowande, ọmọ Yorùbá, ti kọ orin olókùn tó mú ohùn ilẹ̀ wa wọ inú rẹ̀ láti 1944. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Àjàṣẹ́ lónìí ní bàbá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ta á, ẹ fetí sí èyí: àwọn Kronos yẹn náà ní kí àádọ́ta òǹkọrin kọ orin tuntun fáwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, wọ́n sì gbé ìwé orin náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Angélique Kidjo, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ wa, wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ẹ lọ gbà á wálẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ta á. Kò sí ìdí tí ẹgbẹ́ kan ní Àjàṣẹ́ yóò fi máa ṣe àdàkọ àdàkọ ìwé orin tí ìlà rẹ̀ ti parẹ́.

*

Láti Ṣábẹ̀ẹ́: "Gòjé wà nílẹ̀, kí la fẹ́ fi fáyólìn ṣe?"

Mo fẹ́ràn gòjé. Igbá tí wọ́n fi awọ awọ́nríwọ́n bò, okùn kan ṣoṣo láti ara irun ìrù ẹṣin, ó sì lè mú èèyàn sunkún nínú orin sákárà. Ṣùgbọ́n gòjé náà ti òkè ọ̀hún wá bá wa, láti ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá. A gbà á, a fi ohùn wa sí i lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó tún ń bi í ní orírun rẹ̀. Ọrun tí òyìnbó ń fi ta fáyólìn, láti ìhà ìlà-oòrùn ló ti wọ Yúróòpù ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ohun èlò máa ń rìn. Ẹni tó bá gbà á lálejò ló máa sọ ohun tí yóò máa sọ.

Tí ẹ bá fẹ́ kí gòjé àti àwọn mẹ́rin jọ ta á, ó ṣeé ṣe, ó sì dùn gan-an, ẹ jẹ́ kí gòjé kọ́kọ́ yan ohùn tirẹ̀. Awọ rẹ̀ máa ń dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá tutù, á sì gbé okùn kúrò níbi tó wà. Fáyólìn lè tẹ̀lé e. Òun kò ní tẹ̀lé fáyólìn.

*

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ ní mo ń sọ Kétu jù, kí ni ti ajógàn? Ẹ jàre.

Ajógàn ti ààfin ni, orin àwọn ayaba, ọ̀pá irin alúnlún tí òrùka rẹ̀ ń lọ sókè sódò ló sì ń darí rẹ̀. Mo ti gbọ́ àwọn onífáyólìn tó fi ọrun gbọn okùn kí ó lè dún bí òrùka alúnlún. Èmi kò fara mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn ìjọ Àgùdà mú ajógàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì níbí, wọ́n gbé alúnlún dání wọlé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà: ẹ pe àwọn obìnrin tó ni ín, kí wọ́n jókòó sí iwájú, kí ẹ̀yin jókòó sí ẹ̀gbẹ́, kí ṣẹ́lò sì máa di ìsàlẹ̀ mú fún wọn. Kí ẹ sì kọ́kọ́ béèrè èyí tí wọ́n lè kọ níta ààfin.

Orin Orò, ẹ má fi fáyólìn kàn án. Nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin tó ń ta á lónìí, obìnrin kì í wọ́n. Orin tó pọ̀ tó wà nílẹ̀.

*

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìdákẹ́, torí ẹni tó ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń bá mi jà, ó sì ní ẹjọ́ rere. Ó ní bí gbogbo èèyàn bá ń kọrin lé fáyólìn lórí, kí ni ìwúlò rẹ̀ ká pè wọ́n wá?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni kí ẹ gbè é. Orin Haydn kan wà tí ohùn á tán pátá láàárín rẹ̀, tí ìró tó tẹ̀lé e kò ní ṣe nǹkan kan fún yín tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀. Orin òde òní tún le jù bẹ́ẹ̀. Àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé irun ọrun lórí okùn nìkan lẹ máa gbọ́. Ohun tó yẹ ni kí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin dìde kó sọ ọ́ ní Yorùbá, kó sọ ọ́ ní Gùn, kó sọ ọ́ ní Faransé: èyí tó ń bọ̀ yìí, ẹ bá wa dákẹ́, èyí tó tẹ̀lé e, ẹ̀yin lẹ ni ègbè rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ pọ̀ ná. Mo ti rí i ní gbọ̀ngàn tó kún fún ìyálọ́jà àti ọmọ ilé-ìwé. Kò sẹ́ni tó ń fi ìka lé ètè fún ẹlòmíràn. Nígbà tó kan ègbè, àwọn ìyá ló gbé e, ohùn wọn wúwo ju ti ṣẹ́lò lọ, ọmọbìnrin tó ń ta fáyólìn àkọ́kọ́ sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń fa ọrun.

Ẹ tún jọ̀ọ́, tí orí yín bá wú tí ẹ fẹ́ náwó fún wọn: ẹ má lẹ owó mọ́ iwájú orí ẹni tó ń ta fáyólìn lọ́wọ́. Apá tó ń fa ọrun nílò àyè, àgbọ̀n rẹ̀ sì ló fi di igi mú. Ẹ gbé igbá kan sílẹ̀ níwájú wọn, ẹ jó dé ibẹ̀.

Owó náà ni mo fẹ́ mẹ́nu kàn kí n tó kúrò níbí. Nínú ìwé tí wọ́n ń pín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa rí orúkọ Haydn, ọdún tí wọ́n bí i, ọdún tó kú. Tó bá kan orin tiwa, wọ́n á kàn kọ "orin ìbílẹ̀". Ìlú wo? Ilé wo? Ta ló kọ ọ́ sí wọn létí? Èyí ń dùn mí. Ìyá tó jókòó ti yín, tó fi ọwọ́ rẹ̀ júwe ohùn fún yín, ẹ kọ orúkọ ìlú rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí owó tirẹ̀ sì wà nínú owó tí ẹ bá gbà. Bí ẹnì kan bá fi orin tuntun tó fúnra rẹ̀ kọ fún yín, ẹ máa san án. Kí ló dé tí ti ìyá á fi jẹ́ ọ̀fẹ́?

*

ÌBÉÈRÈ MÌÍRÀN, LÁTI KÉTU

Ẹ̀gbọ́n, a fẹ́ sìnkú ìyá ìyá wa ní oṣù Kejìlá. Akọrin Ẹ̀fẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà ní Faransé ní kí á pe àwọn onífáyólìn mẹ́rin láti Àjàṣẹ́. Àwọn àgbà ilé ń kùn. Báwo la ṣe máa ṣe é?

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn àgbà, kí ẹ bi wọ́n léèrè orin bàbá tí wọ́n fẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ náà àti èyí tí wọn kò fẹ́ kó jáde. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú wọn kọ ọ́ sínú fóònù pẹ̀lú ẹnu lásán, láìsí ìlù, láìsí ariwo, ìdádá orin lọ́tọ̀, ègbè lọ́tọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sáwọn mẹ́rin lórí WhatsApp ó kéré tán oṣù kan ṣáájú, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi èyí tí wọ́n bá ti kọ́ ránṣẹ́ padà kí àwọn àgbà lè gbọ́ ọ. Ibi tó bá wọ́ níbẹ̀, àwọn àgbà máa rí i kíá, kò sì ní di ìjà lójú èrò. Ìkùn wọn máa dín kù tó bá jẹ́ pé etí wọn ló kọ́kọ́ gbà á.

Ẹ sọ fún àwọn mẹ́rin tààrà pé kí fáyólìn kejì má fọwọ́ kan ègbè. Nínú ilé ni kí ẹni tó máa dá orin ti jáde, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó bá ní ohùn, kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́lò níbi tí wọ́n ti lè rí ẹnu rẹ̀. Onílù ilé yín kò gbọdọ̀ ṣàìsí níbẹ̀, ẹ fún un ní àkókò tirẹ̀ lẹ́yìn wọn, nígbà tí ijó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọyẹ́ ti ń mú nígbà yẹn. Ẹ má gbé wọn sójú oòrùn, ẹ má sì gbé wọn sábẹ́ afẹ́fẹ́ oníná tó ń fẹ́ gan-an; abẹ́ àtíbàbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ògiri ló dáa jù, ògiri á ti ohùn wọn síwájú, ẹ ò sì ní nílò máìkì. Ẹ wá àga mẹ́rin tí kò ní apá, torí àga tó ní apá kì í jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ rìn, àti ẹní kan tí irin ìdí ṣẹ́lò máa gún, kó má bàa yọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Ìwé wọn á máa fò; ẹ ra nǹkan tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn lọ́jà, kí ó tó bíi méjìlá.

Owó ọkọ̀ wọn wà lọ́tọ̀ sí owó iṣẹ́, oúnjẹ àti ibùsùn sì wà lọ́tọ̀. Ẹ bá wọn sọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó tẹ orúkọ wọn sínú ìwé ìpè, kí àwọn ọmọ Faransé sì fi tiwọn ránṣẹ́ kí oṣù Kọkànlá tó parí.